“Ẹ Máa Gbé Wọn Lọ Sílé”: Ìtàn Ọgbọ́n-Iṣẹ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì Nínú Dídá Aláìsàn Tí Àìsàn Rẹ̀ Kò Gbóògùn Mọ́ Padà Sílé ní Ìbàdàn, 1957 Títí di Òní

Àṣamọ̀

Gbólóhùn náà “ẹ máa gbé wọn lọ sílé” jẹ́ ohun tí ẹbí aláìsàn máa ń bẹ̀rù láti gbọ́ ní ilé-ìwòsàn. Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn gbólóhùn náà ní Ìbàdàn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé-ìwòsàn UCH ní 1957. Àlàyé rẹ̀ ni pé ìdajì ètò ìtọ́jú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni UCH jogún: ó jogún wọ́ọ̀dù, kò jogún nọ́ọ̀sì tí ń tọ aláìsàn lọ sílé. Agbo ilé ni wọ́n fi ìdajì kejì sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ní àwọn àdúgbò tuntun bíi Bódìjà, Àgbowó, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge, agbo ilé kò rí bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé inú àlàfo yìí ni ọgbọ́n-iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nípa ètò ìdásílẹ̀ ti wúlò jù, àti pé èdè Yorùbá jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára irinṣẹ́ ọgbọ́n náà.

Ìfáárà

Kò sí ẹni tó ti tọ́jú aláìsàn rí ní Ìbàdàn tí kò mọ gbólóhùn náà. Dókítà lè sọ ọ́, nọ́ọ̀sì lè sọ ọ́. Bí wọ́n bá sì ti sọ ọ́ tán, ẹbí yóò wo ojú ara wọn. “Ẹ máa gbé wọn lọ sílé.” Fún ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, ìròyìn ayọ̀ ni. Fún ẹni tí jẹjẹrẹ ti jẹ dé eegun, ohun tí ẹbí máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé agbára ilé-ìwòsàn ti pin. Yorùbá sì gbà pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Nítorí náà, aláìsàn tó gbọ́ “ilé” lè má mọ èwo nínú ilé méjèèjì ni wọ́n ní kí òun máa lọ.

Ohun tó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni bí gbólóhùn kan ṣoṣo ṣe ní ìtumọ̀ méjì, àti ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì lè ṣe kí ìtumọ̀ kejì má baà di ìkọ̀sílẹ̀. Ètò ìdásílẹ̀ tí a ń wí níhìn-ín ju ìwé tí dókítà fọwọ́ sí lọ. Ó sì ju owó tí ẹbí san kí wọ́n tó lè gba ẹnu géètì jáde. Òun ni àpapọ̀ ohun tí nọ́ọ̀sì kíyè sí, tó béèrè, tó fi kọ́ ẹbí, tó sì tò sílẹ̀ kí aláìsàn tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó má baà jẹ́ pé inú ìrora ni yóò ti lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀. Orúkọ tí iṣẹ́ yìí fún ìtọ́jú tí kò lépa ìwòsàn mọ́, bí kò ṣe kí ara tu aláìsàn, ni ìtọ́jú amáratuni.

Ìdajì tí UCH jogún

Ní 1860 ni Florence Nightingale dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, oníṣòwò kan ní Liverpool, William Rathbone, ti gba nọ́ọ̀sì kan síṣẹ́ láti máa tọ́jú àwọn tálákà aláìsàn nínú ilé wọn. Láti ìgbà náà ni ìtọ́jú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn. Ẹsẹ̀ kìíní ni nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, ẹni tí aláìsàn ń tọ̀ wá. Ẹsẹ̀ kejì ni nọ́ọ̀sì àdúgbò, ẹni tó ń tọ aláìsàn lọ. Nígbà tí ètò ìlera gbogbogbòò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Bìrìtìkó ní 1948, òfin sọ ọ́ di dandan fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti pèsè nọ́ọ̀sì fún ẹni tó bá nílò ìtọ́jú nínú ilé. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù bá sọ fún ẹbí pé kí wọ́n máa gbé ìyá wọn lọ sílé, nọ́ọ̀sì mìíràn lè wà níwájú tí yóò gba ìyá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kìíní ló dé Ìbàdàn. Òfin tó dá UCH sílẹ̀ jáde ní 1952, iṣẹ́ ìkọ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1953, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 20 oṣù Bélú, 1957, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì bí 500. Kí ó tó di ìgbà náà, ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà lára ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ti ń kọ́ṣẹ́. Àwòṣe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ̀ lé láti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì UCH: bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí a ṣe ń wẹ aláìsàn, bí a ṣe ń di egbò, bí a ṣe ń kọ ìròyìn sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́.

Ìtàn Kofoworola Abeni Pratt ṣàfihàn bí ogún náà ti jinlẹ̀ tó. Ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas' gan-an ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ láti 1946 sí 1950. Ó padà wálé ní 1954, ó gòkè díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní UCH, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátíróònù ibẹ̀ ní 1964. Ní 1965, ó wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lélẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Iṣẹ́ Pratt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ wọ́ọ̀dù UCH di ibi tí a ti ń fi ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà tọ́jú ọmọ Nàìjíríà láìlábùkù.

Ní ti ẹsẹ̀ kejì, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń wọ àdúgbò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n aboyún, ọmọ ọwọ́ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni iṣẹ́ wọn dá lé jù. Ètò ìlera Ìbàràpá tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1963, tí Igbó-Ọrà jẹ́ ojúkò rẹ̀, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bí ìlera ṣe rí ní ìgbèríko. Àmọ́ nínú Ìbàdàn fúnra rẹ̀, kò sí ètò tó kárí ìlú tí nọ́ọ̀sì fi lè tọ ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́ lọ sílé. Bí aláìsàn bá ti kọjá géètì UCH, ìwé rẹ̀ ti pa dé. Ètò ìdásílẹ̀ tí a kọ́ nọ́ọ̀sì jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ yá: oògùn rẹ nìyí, ọjọ́ tí o ó padà wá nìyí. Fún ẹni tí kò ní padà wá mọ́, ìwé náà kò ní àlàyé.

Agbo ilé gẹ́gẹ́ bí wọ́ọ̀dù kejì

Kò yẹ kí a dá àwọn tó dá UCH sílẹ̀ lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ. Ìlú agbo ilé ni ìlú tí wọ́n bá. Ní Bẹẹrẹ, ní Màpó àti ní Ọjàaba, aláìsàn tó padà sílé kì í bá ilé òfìfo. Ìyàwó ilé wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ìyá àgbà tó ti tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn rí wà níbẹ̀. Ẹni kan ń po ẹ̀kọ, ẹni kan ń pọn omi, ẹni kan jókòó ti aláìsàn lóru. Bí ọ̀kan bá rẹ̀, òmíràn yóò gbà á.

Àwọn oníṣègùn ìgbà náà mọ agbára yìí. Nígbà tí Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé fún àwọn aláàárẹ̀ ọpọlọ ní Àró, Abẹ́òkúta, ní 1954, ó jẹ́ kí ẹbí bá aláìsàn wá, kí wọ́n sì jọ máa gbé ní abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká. Lambo sọ ẹbí di apá kan ìtọ́jú, ó sì ṣètò fún un. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Àró àti àwọn wọ́ọ̀dù ìlú ni pé ní wọ́ọ̀dù ìlú, wọ́n gbójú lé ẹbí láìṣètò fún un. Ẹbí ló ń sáré ra oògùn, ẹbí ló ń gbé oúnjẹ wá, ẹbí náà ló sì ń gba aláìsàn padà ní ìparí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe.

Ní 1960 ni àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní UCH. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí ó jẹ́ kí a lè fi ìwé sọ irú jẹjẹrẹ tó ń bá àwọn ará ìlú jà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè sọ ọjọ́ orí aláìsàn àti ibi tí jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti sọ ẹni tó ń yí aláìsàn padà lórí ẹní ní òru. Ìtàn yẹn wà lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọbìnrin, kò sì wọ ìwé.

Ìdí mẹ́ta ni ẹbí sábà fi ń gbé aláìsàn kúrò láìdúró de ìmọ̀ràn. Èkíní ni owó. Èkejì ni ìrètí pé ọ̀nà mìíràn wà, bóyá lọ́dọ̀ onísègùn ìbílẹ̀, bóyá ní ilé àdúrà. Ẹ̀kẹta ni ibi tí ikú yẹ kó bá àgbàlagbà. Yorùbá ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kí bàbá kú sí yàrá rẹ̀, kí ọmọ di í lójú, kí wọ́n sì sin ín sí ibi tí àwọn aráalé yóò máa rí, ọlá ni. Lójú ilé-ìwòsàn, ẹni tó bá fọwọ́ síwèé gbé aláìsàn lọ lòdì sí ìmọ̀ràn dókítà ti ṣe àṣìṣe. Lójú ẹbí, ó lè jẹ́ pé ojúṣe ọmọ ni ó ṣe. Níbi tí ojú méjèèjì yìí kò ti pàdé ni aláìsàn ti ń jìyà, nítorí bí ẹbí bá bínú gbé e lọ, wọn kò ní gba oògùn ìrora dání, wọn kò sì ní gba ẹ̀kọ́ kankan.

Ìlú tuntun, ilé tuntun

Bí UCH ti ń dàgbà, ìlú tó yí i ká ń yí padà. Ilé-iṣẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1958 fún ilé kíkọ́ ló kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀mọ̀wé sí Bódìjà. Ilé bàbá, ìyá àti ọmọ wọn ni. Kì í ṣe ilé ìdílé. Ilé àwòṣífìlà Cocoa House yọrí ní Dùgbẹ̀ ní 1965, Dùgbẹ̀ sì di àdúgbò báǹkì, ọ́fíìsì àti ọjà, níbi tí ẹni tí kò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù kò ní jẹun lọ́jọ́ náà. Ní Àgbowó, tó kọjú sí Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ àti olùtajà ń gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ń lo ilé ìgbẹ́ kan náà. Ring Road àti Challenge pẹ̀lú kún fún ilé fúláàtì, ilé-ìtajà àti ilé-ìjọsìn.

Ẹni tí wọ́n bá dá sílẹ̀ láti Òrìta Mẹ́fà lọ sí àwọn àdúgbò wọ̀nyí kò lọ sí agbo ilé mọ́. Ó lè jẹ́ opó kan ní Bódìjà tí ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní Kánádà àti Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, tí wọ́n sì ń rí ojú rẹ̀ lórí fóònù. Owó wà, ọwọ́ kò sí. Ó lè jẹ́ ọkùnrin kan ní Àgbowó tí ìyàwó rẹ̀ ń ta oúnjẹ lójú títì, tí ọmọ rẹ̀ tó dàgbà jù sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọwọ́ wà díẹ̀, owó kò sí. Agbo ilé ń pín ẹrù ìtọ́jú sí ọ̀pọ̀ èjìká. Ní ìlú tuntun, èjìká kan ni ẹrù náà máa ń bọ́ lé, èjìká náà a sì sábà jẹ́ ti obìnrin.

Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 tún dá kún un. Owó ìtọ́jú wọ́n, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì kọjá sí ilẹ̀ òkèèrè, ìrìn náà kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, síbẹ̀ nǹkan bí 70 nínú gbogbo náírà 100 tí wọ́n ń ná sí ìlera ní Nàìjíríà ṣì ń ti inú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, “ẹ máa gbé wọn lọ sílé” lè jẹ́ àánú, nítorí ojoojúmọ́ ni owó bẹ́ẹ̀dì ń lé sí i. Ó sì lè jẹ́ ìwà ìkà, bí ẹni tó sọ ọ́ kò bá béèrè irú ilé tí wọ́n ń lọ.

Ìtọ́jú amáratuni dé Ìbàdàn

Láti ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí Pratt ti kẹ́kọ̀ọ́ ni èrò tí yóò tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe ti jáde. Cicely Saunders kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale láti 1940 sí 1944. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe iṣẹ́ alábòójútó ọ̀ràn àwọn aláìsàn, kí ó tó wá di dókítà. Ní 1967 ó ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tó súnmọ́ ikú. Ní 1969 àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tọ́jú aláìsàn nínú ilé. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìrora ẹni tó ń kú kì í ṣe ti ara nìkan; ti ọkàn, ti ẹ̀mí àti ti àárín ẹbí wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, alábòójútó àti dókítà pàdé nínú ẹnì kan, ìdí sì nìyẹn tí ilé aláìsàn fi wọ inú èrò rẹ̀.

Ní 1986 Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àtẹ̀gùn onípele mẹ́ta jáde fún ìtọ́jú ìrora jẹjẹrẹ, mọ́fíìnì sì wà ní òkè àtẹ̀gùn náà. Ní 1993, Anne Merriman dá irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ùgáńdà, pẹ̀lú mọ́fíìnì olómi tí aláìsàn lè mu nínú ilé rẹ̀. Ní 2004, òfin Ùgáńdà fún àwọn nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ àkànṣe láṣẹ láti máa kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì sí ìtàn tí a ń sọ, nítorí pé ní Ùgáńdà, ẹni tó mọ ilé aláìsàn náà ló ní àṣẹ oògùn lọ́wọ́.

Ní Ìbàdàn, 2003 ni ẹgbẹ́ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyánnwò, onímọ̀ ìpani-lóorun-iṣẹ́-abẹ àti ìtọ́jú ìrora, jẹ́ aṣáájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú fún ìtọ́jú amáratuni. Láti inú rẹ̀ ni Ibùdó Ìtọ́jú Amáratuni ti Nàìjíríà ti jáde, tó ń bá UCH ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wà nínú iṣẹ́ náà, àbẹ̀wò sí ilé aláìsàn sì jẹ́ apá kan rẹ̀. Ó gbà wá tó ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta lẹ́yìn ṣíṣí UCH kí ẹsẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹlẹ̀. Ní 2014, ìpàdé gbogboogbò Àjọ Ìlera Àgbáyé rọ gbogbo orílẹ̀-èdè láti fi ìtọ́jú yìí sínú ètò ìlera wọn, títí kan ìtọ́jú nínú ilé.

Ohun tí ọgbọ́n náà jẹ́

Kí ni nọ́ọ̀sì tó mọ ètò ìdásílẹ̀ dunjú ń ṣe tí ẹlòmíràn kì í ṣe? Ìtàn tí a ti sọ bọ̀ jẹ́ kí a lè pín ọgbọ́n náà sí márùn-ún.

Èkíní ni mímọ àkókò. Bí wọ́n bá tètè dá aláìsàn sílẹ̀ jù, ìrora tí wọn kò tíì kápá yóò lé e padà sí ilé-ìwòsàn. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, ojú ọ̀nà ni yóò kú sí. Aláìsàn tí jẹjẹrẹ ti wọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé ká sí ẹ̀yìn Micra láti Òrìta Mẹ́fà lọ sí Challenge. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́n á béèrè ọkọ̀ tí wọn yóò gbé e lọ, ìgbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò ní pọ̀, àti bóyá ó ti mu oògùn ìrora kí wọ́n tó gbé e dìde.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ sísọ. Nínú ẹbí Yorùbá, ọ̀rọ̀ burúkú ní ẹni tí a ń sọ ọ́ fún àti ọ̀nà tí a ń gbà sọ ọ́. Àkọ́bí lè wà, àbúrò bàbá lè wà, ọmọ tó ń sanwó lè jẹ́ ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì tó bá ọmọ kékeré sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ti da ilé rú. Síbẹ̀, aláìsàn fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ mọ̀: “Bàbá, kí ni ẹ rí sí àìsàn yìí? Ṣé ẹ fẹ́ kí a jọ sọ ibi tó dé dúró, àbí kí a pe ẹnì kan nínú àwọn ọmọ yín wá?” Lẹ́yìn èyí ni “ilé” yóò ní ìtumọ̀ tó ṣe tààrà: “A kò kọ̀ yín sílẹ̀ o. Oògùn tí yóò lé àrùn náà lọ ni kò sí mọ́. Oògùn tí yóò jẹ́ kí ẹ lè sùn wà, a ó sì fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé yín délé.”

Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀ ìrora. Èdè Yorùbá lówó lọ́wọ́ níhìn-ín. Orí ń fọ́ni, inú ń runni, ẹ̀yìn ń dunni, eegun ń roni, egbò ń tani, ara ń jóni bí iná, nǹkan ń gúnni bí abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì tó bá kàn kọ “ìrora” sílẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ ìmọ̀ nù. Ìrora tó ń ro nínú eegun àti èyí tó ń jóni tàbí tó ń gúnni lè má jẹ́ irú kan náà: èyí tó ń jóni lè wá láti inú iṣan tí jẹjẹrẹ ń fún pa, ó sì lè gba oògùn mìíràn kún mọ́fíìnì. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, dókítà yóò mọ ohun tí yóò kọ kí ó tó di pé ilé jìnnà.

Ẹ̀kẹrin ni kíka ilé. Níwọ̀n ìgbà tí nọ́ọ̀sì kò lè bá gbogbo aláìsàn délé, ìbéèrè ni yóò fi rí ilé náà. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà? Ilé ìgbẹ́ ha wà nínú fúláàtì, àbí ẹ̀yìnkùlé ni? Níbo ni omi ti ń wá? Ta ni yóò wà nílé ní aago méjì ọ̀sán? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń mu mọ́fíìnì olómi. Bí ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ bá ní ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀, oògùn aago mẹ́wàá àárọ̀ àti ti aago méjì ọ̀sán kò ní olùfúnni. Nọ́ọ̀sì tó béèrè yóò rí ìyẹn ṣáájú, yóò sì wá aládùúgbò kan tàbí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ti mọ́sálásí tí wọn yóò kọ́ pẹ̀lú. Aládùúgbò yìí ni ó kù nínú agbo ilé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti tún un kó jọ.

Ìkarùn-ún ni kíkọ́ olùtọ́jú. Kí ẹbí tó lọ, ó yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọn yóò máa ṣe, lójú nọ́ọ̀sì: bí a ṣe ń fi aṣọ ìtẹ́lẹ̀ yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì kí ara má baà bó, bí a ṣe ń fọ ẹnu tó gbẹ, bí a ṣe ń wọn mọ́fíìnì, àti oògùn ìyàgbẹ́ tó gbọ́dọ̀ bá a rìn, nítorí mọ́fíìnì a máa dí ìgbẹ́, bí oògùn metronidazole tí dókítà fọwọ́ sí, tí a lọ̀ kúnná sójú egbò, ṣe lè dín òórùn rẹ̀ kù, kí àlejò lè jókòó ti aláìsàn. Ẹ̀kọ́ tó le jù ni ti oúnjẹ. Lójú wa, ẹni tí kò jẹun ni ebi yóò pa. Ó gba sùúrù kí ọmọ tó gbà pé ara tó ń palẹ̀ mọ́ kì í béèrè oúnjẹ púpọ̀, àti pé ẹ̀kọ tí a fi tipátipá rọ síni lẹ́nu lè bá ọ̀nà òdì lọ. Ìbẹ̀rù pé mọ́fíìnì yóò di bárakú tàbí pé yóò pa ìyá wọn kíákíá náà gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu kí wọ́n tó lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgò oògùn yóò wà lórí àpótí, aláìsàn yóò sì máa ké.

Ibi tí ọgbọ́n nìkan kò tó

Ọgbọ́n yìí ní ààlà. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ dókítà ni àṣẹ mọ́fíìnì wà. Nọ́ọ̀sì tó rí i pé oògùn kò tó aláìsàn mọ́ ní Àgbowó gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò kọ ọ́. Níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń bójú tó aláìsàn tó ju agbára rẹ̀ lọ, ìjókòó pẹ̀lú ẹbí fún wákàtí kan ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò bọ́ sọnù. Kò sí ibi tí ìwé wọ́ọ̀dù ti ń ka wákàtí yẹn sí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni iṣẹ́ náà gan-an.

Ewu mìíràn tún wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì ṣófo lè fi ọ̀rọ̀ dídùn nípa ilé bo ìkọ̀sílẹ̀ mọ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ilé yẹ. Ẹni tí kò ní olùtọ́jú kankan, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ lè ya lára rẹ̀ nígbàkigbà, ẹni tó sọ pé òun kò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun rí òun bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti dúró. Ètò ìdásílẹ̀ tó péye gbọ́dọ̀ lè parí sí “rárá, kò tíì yá”. Bí kò bá lè parí síbẹ̀, kì í ṣe ètò mọ́, àṣẹ ni.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé gbólóhùn “ẹ máa gbé wọn lọ sílé” ní ìtàn. Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù tí kò ní nọ́ọ̀sì àdúgbò lẹ́yìn. Agbo ilé gbé e fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba ẹ̀kọ́ àti láìgba ọpẹ́. Nígbà tí Ìbàdàn tuntun tú agbo ilé ká, gbólóhùn náà di ẹrù tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá rù. Ìtọ́jú amáratuni tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 fún un ní ìtumọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ náà kò tíì kárí gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni pé ìdásílẹ̀ ẹni tó ń kú yẹ kó ní àyè tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́, kí a sì máa fi Yorùbá kọ́ ọ níbi tí a ó ti fi Yorùbá ṣe é. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ àwọn onímọ̀ Yorùbá ni pé iṣẹ́ wà fún wọn ní wọ́ọ̀dù: àwọn ọ̀rọ̀ ìrora, ọ̀nà ìtúfọ̀, àti èdè tí a fi ń bá ẹni tó súnmọ́ ikú sọ̀rọ̀ láìpurọ́, láìsì já a láyà. Ikú kò gbóògùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrora ń gbóògùn. Ẹni tí wọ́n bá ń gbé lọ sílé yẹ kó mọ̀ pé ilé tòun ní Àgbowó tàbí Bódìjà ni wọ́n ní lọ́kàn, àti pé ẹnì kan ti ronú nípa alẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò sùn níbẹ̀.